Ẹni Tó Bọ́ Bàtà ní Ilé Ẹ̀tù

Òfìfo ni ọta náà.

Abẹ́rẹ́ fi ìka gbá a lára, ó dún bí ìkòkò tí kò sí omi nínú rẹ̀. Ó yí i dojú dé, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn bí ẹ̀tù ìbọn, kò sì rùn bí irin tó ti dógùn-ún. Òórùn ọ̀dà ló ń jáde níbẹ̀. Ẹnìkan ti fọ inú ọta àgbá yìí mọ́ tónítóní, ó sì ti kùn ún lọ́dà, tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bá a ní àárọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n fẹ́ kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbé nǹkan yẹn kalẹ̀," Sájẹ́ǹtì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyàwó mi ò tíì múra àtiṣe opó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé. Kò lè pa eṣinṣin."

"Wọ́n ní ó lè gbé odindi ilé yìí lọ."

"Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé e wò."

Sájẹ́ǹtì wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri ló fẹ̀yìn tì. Ó ju Abẹ́rẹ́ lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, Abẹ́rẹ́ sì ni ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Nítorí náà, ọ̀gá ni Sájẹ́ǹtì ń pe obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n ni obìnrin náà ń pè é, kálukú sì gbà pé ẹnì kejì mọ ẹ̀tọ́. Orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin náà ní àgọ́ ọlọ́pàá ni Abẹ́rẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá ti wọ̀, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń gbà jáde.

Iyàrá tí wọ́n wà yìí, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ géètì máa ń jókòó sí láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ológun ń ṣe ọta àgbá nínú ọgbà ńlá náà. Nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de géètì, wọ́n sì gbàgbé ibẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ wá gba adágún omi tí wọ́n fi ń mú kí irin tutù. Esùsú yí i ká. Àdán kó wọ àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Obìnrin kan tó kàwé nípa ẹyẹ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ẹyẹ, ló wá ń bá àwọn ológun fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà títí wọ́n fi gbà láti yọ̀ǹda rẹ̀. Omi àti igbó yóò jẹ́ ti àwọn ẹyẹ. Gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun yóò di ilé ìwòsàn, ibi tí wọ́n ti ń gé irin yóò di ibi ìkọ́ṣẹ́ káfíńtà, pápá àárín ọgbà yóò sì di ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé Ìyá Ẹyẹ lọ́wọ́.

Ọta kan ṣoṣo ló sì fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù.

Ọ̀gá ológun tó wá gba ìròyìn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Wọ́n kan irin mọ́ ìdí bàtà rẹ̀, ó ń dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ ṣì ń wo irin," ó wí. "Mo ti sọ tèmi. Wọ́n ní ilẹ̀ yìí mọ́; kò mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, màá ti géètì, ilẹ̀ á padà di ti ológun. Agbaṣẹ́ṣe kan wà tó fẹ́ rà á kọ́lé. Ìyẹn ò bẹ̀rù ọta."

"Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ náà, sà," Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Ó tó mi."

"Láti ṣe kí ni? Ẹni tó jẹ̀bi wà nínú mọ́tò yín."

"Ẹni tó wà nínú mọ́tò mi, nǹkan tó wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ní kó wá. Èyí kò dé inú ilẹ̀ rí. Kò sí erùpẹ̀ lára rẹ̀, koríko tí wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀."

Ọ̀gá ológun wo ọta, ó wo Abẹ́rẹ́. "Ìrọ̀lẹ́," ó wí, ó sì gba ibi tó gbà wọlé jáde.

"Ọkùnrin yìí," Sájẹ́ǹtì wí, "ó dà bí ẹni pé wọ́n kan irin mọ́ òun fúnra rẹ̀ nídìí."

Nínú mọ́tò ọlọ́pàá lábẹ́ igi, Fẹ̀sọ̀ jókòó pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló fi ẹ̀rọ wá ọta kiri inú ọgbà náà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀ nítorí bó ṣe ń rìn. Ó ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Ta ló fún ọ ní búrẹ́dì?"

"Fọ́máànù ni, mà. Bàbá tó ń gbin igi, tó ti ṣe ọ̀gá òṣìṣẹ́ níbí láyé àtijọ́. Ó gbé omi náà wá. Ó kàn ń bẹ̀ mí ṣáá, bí ẹni pé òun ló dè mí."

"Ṣé gbogbo ilẹ̀ yìí lo wá?"

"Gbogbo ibi tí wọ́n ní kí n wá, mo wá a. Pápá nìkan ni wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ológun ni, mà. Ta ni mo fẹ́ bá jiyàn?" Ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, iṣẹ́ mi ò lè dúró lẹ́yìn èyí. Ta ló tún fẹ́ tẹ ilẹ̀ tí mo bá ní ó mọ́?"

"Jẹ búrẹ́dì rẹ," Abẹ́rẹ́ wí. "Wàá lo okun rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìyá Ẹyẹ sọ ibi tí ọta náà ti wá láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú.

"Tiwa ni. Àwọn ológun ló kó wọn fún wa, òfìfo, kí àwọn àlejò lè máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbí tẹ́lẹ̀. Inú ilé ẹ̀tù ni a tò wọ́n sí. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá yẹn, ó ní kí n lọ ka ẹyẹ mi."

"Ẹ mú wa lọ síbẹ̀."

Ọ̀nà ilé ẹ̀tù gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Lókèèrè, àgbàlagbà kan ń ti bárò tó kún fún ọmọ igi. Ó ń tiro. Dípò kó la pápá kọjá, ó yà sí etí omi, ó sì ń bá ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ náà lọ.

"Ẹ wá wo Fọ́máànù," Ìyá Ẹyẹ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Orúnkún ń pa á, kò sì ní gbọ́ràn. Mo ní, Bàbá, ẹ la pápá kọjá, ẹ ó tètè dé. Ó ní atẹ́gùn etí omi ló dára fún ẹ̀jẹ̀ òun. Gbogbo igi tí ẹ ń wò yìí, òun ló gbìn ín. Àfi pápá yẹn. Ó ní igi ò ní hù níbẹ̀."

"Ṣé ó ti gbìn ín wò?"

"Rárá o. Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni."

Abẹ́rẹ́ wo koríko pápá náà. Ó sanra, ó ń dán.

Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀tù jìnnà sí gbogbo ilé yòókù, wọ́n sì mọ òkìtì erùpẹ̀ yí i ká, kí ó má baà kó àwọn yòókù dání bó bá gbaná. Kò ní ju iyàrá gbọọrọ kan lọ. Bí ènìyàn bá ti wọlé, pákó pupa kan dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ga tó kókósẹ̀. Lẹ́yìn pákó náà ni pẹpẹ tí wọ́n to ọta sí wà, àyè ọ̀kan sì ṣófo. Eruku bo gbogbo ilẹ̀, ìgbẹ́ àdán sì wà káàkiri.

"Ẹ dúró," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi fóònù ya ilẹ̀ yìí kí a tó bà á jẹ́."

Ipasẹ̀ wà nínú eruku náà. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pákó pupa, bàtà ni. Láti pákó pupa dé ibi pẹpẹ, ẹsẹ̀ lásán ni, ìka márààrún hàn kedere.

"Ó yé mi," Sájẹ́ǹtì wí. "Olè bọ́ bàtà kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ta ni ìbá gbọ́ ọ? Àdán?"

Sájẹ́ǹtì wo òkè. "Wọ́n létí."

"Wọ́n ò lẹ́nu àtijẹ́rìí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ó fi bàtà rìn níta, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ ọ. Ó wá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìgbẹ́ àdán níbi tí kò sí ẹ̀dá kankan. Ẹ wá wo ibí yìí náà."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó ṣe é gbé nǹkan lé. Eruku ti bò ó, àfi ojú méjì tó mọ́. Ọ̀kan ní igun mẹ́rin, ó kéré bí páálí ìṣáná. Èkejì rí bí òrùka tí ìka bíi mélòó kan yọ lára rẹ̀: ìdì kọ́kọ́rọ́.

"Ẹnìkan kó ohun tó wà lápò rẹ̀ kalẹ̀ síbí," Abẹ́rẹ́ wí, "ó wọlé lọ jí ọta gbé, ó jáde, ó sì kó ẹrù rẹ̀. Olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó yíjú sí Ìyá Ẹyẹ. "Kí ni pákó pupa yìí wà fún?"

"Mi ò mọ̀. A fẹ́ yọ ọ́ kúrò kí ó má máa gbé àlejò ṣubú."

Sájẹ́ǹtì ti jáde lọ yí òkìtì erùpẹ̀ ká. Kò pẹ́ tó fi kígbe pé òun rí ojú táyà mọ́tò ńlá lẹ́yìn ọgbà, àti ibi tí wọ́n ti gé wáyà. Inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó padà dé. "Ọ̀gá, mo mọ mọ́tò tó ní táyà báyẹn ní àdúgbò yìí. Agbaṣẹ́ṣe. Ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀."

"Ẹ lọ mú un wá. Ibí ni kí ẹ mú un wá, ẹ má gbé e lọ sí àgọ́."

Agbaṣẹ́ṣe dé, ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bàtà rẹ̀ ń kọ mànà. "Màdáámù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin obìnrin lẹ ń tún ìlú yìí ṣe."

"Ẹ gé wáyà ọgbà."

"Mo yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Mo fẹ́ wo ilẹ̀. Wíwò kì í ṣe olè."

"Ẹ bọ́ sínú, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

Agbaṣẹ́ṣe fi bàtà dídán gun orí pákó pupa, ó gbà á kọjá, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń dọ̀tí bàtà náà. Ó yọ sìgá, ó ṣáná sí i, ó fẹ̀yìn ti pẹpẹ ọta.

"Ẹ máa lọ," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan."

"Ẹ ti dá mi lóhùn. Ẹ lọ tún wáyà yẹn so kí n tó yí èrò padà."

Nígbà tó ti lọ, Sájẹ́ǹtì ń wo Abẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba àwo oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, mọ́tò rẹ̀ ni o. Ó jẹ́wọ́."

"Ó jẹ́wọ́ wáyà. Ẹni tí mò ń wá kò lè tan sìgá nínú ilé yìí, bí wọ́n bá fẹ́ yìnbọn fún un gan-an. Ìṣáná rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Bàbá Fọ́máànù kí wọ́n wá."

Àgbàlagbà náà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ lọ́wọ́. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn máa lọ ni? Ooru ń pa á nínú mọ́tò."

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la wà lórí ẹ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ló rú mi lójú. Kí ni pákó yìí wà fún?"

Ojú bàbá náà là. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú rẹ̀. "Pákó yìí? Pákó yìí ni ọ̀gá gbogbo wa. Apá ibi tí ẹ dúró sí yìí, ayé ni. Apá ọ̀hún, ẹ̀tù. Irin kan kò gbọdọ̀ ré e kọjá. Bí ìṣó ìdí bàtà bá ha òkúta péré, iná ni, ó tán. Ṣọ́bìrì wa, idẹ ni. Ìgbálẹ̀ wa kò ní wáyà. Tí ọmọ tuntun bá dé, èmi ni mò ń dúró síbí, tí mò ń sọ fún un pé bàtà kọ́kọ́, ọmọ mi, bàtà kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni ó máa..."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà. Ó ti tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fa ìdì kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ fèrèsé láìwo ibẹ̀, ó sì gbé ìṣáná tì í. Kọ́kọ́rọ́ náà jókòó pẹ́ sójú ibi tó mọ́ nínú eruku. Ìṣáná náà jókòó sójú tirẹ̀.

Bàbá náà tẹ̀lé ojú Abẹ́rẹ́ débẹ̀.

Sájẹ́ǹtì gbé fóònù rẹ̀, ó sì ya ìsàlẹ̀ fèrèsé náà.

"Èmi ni mo gbé e," bàbá náà wí níkẹyìn. "Ẹ tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn ní kó wá gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á dè é."

"Kí ló dé tí ẹ gbé e, Bàbá?"

"Ìyẹn ni mi ò lè sọ."

"Ta ló ní kí ẹ má sọ?"

"Ìjọba ni. Wọ́n mú wa búra, ọwọ́ lókè, pẹ̀lú ìbọn lẹ́yìn wa. Ẹnìkan nínú wa sọ tirẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Wọn ò tíì wá sọ fún mi pé ìbúra náà ti tán."

"Ó dáa. Ẹ má sọ. Ẹ jẹ́ kí èmi máa sọ, kí ẹ má sì dá mi lóhùn." Abẹ́rẹ́ jókòó sórí pákó pupa, kí ojú wọn lè dọ́gba. "Ọta tí ẹ gbé, ẹ mọ̀ pé òfìfo ni. Nítorí náà ẹ ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n ni. Ẹ ò gbé e sí ẹnu géètì, ẹ ò gbé e sétí omi. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni. Pápá náà nìkan ni wọ́n ní kí Fẹ̀sọ̀ má wá. Òun nìkan náà ni ẹ ò gbin igi sí, bẹ́ẹ̀ orúnkún yín ń dùn yín, síbẹ̀ ẹ kì í là á kọjá. Ìyá Ẹyẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ kéékèèké síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ yìí pa, Bàbá, ẹ̀tù tó kù, níbo ni wọ́n kó o sí?"

Bàbá náà wo ilẹ̀. Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ọ̀gá ológun gbọ́ àlàyé Abẹ́rẹ́ tán ní ẹ̀gbẹ́ pápá, ó sì mí kanlẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìdì ẹ̀wọ̀n géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Pápá bọ́ọ̀lù ni," ó wí. "Ṣé nítorí orúnkún arúgbó ni kí n gbẹ́ odindi pápá? Apá ibo nínú rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Bàbá, níbo?"

Fọ́máànù kò dáhùn.

"Ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan. Ẹ ti fi ọjọ́ mi ṣòfò."

"Ó dáa, sà," Abẹ́rẹ́ wí láìgbé ohùn sókè. "Mọ́tò mi wà ní òdìkejì. Bàbá, ẹ sìn mí débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká la àárín kọjá."

Bàbá náà wò ó. Ó yé e. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì bọ́ sínú koríko.

Ọ̀gá ológun ṣáájú gbogbo wọn pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ńláńlá, kó lè hàn pé pápá bọ́ọ̀lù ni. Abẹ́rẹ́ àti bàbá náà tẹ̀lé e, Ìyá Ẹyẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Sájẹ́ǹtì di Fẹ̀sọ̀ mú lápá, Fẹ̀sọ̀ sì ń rìn bó ṣe máa ń rìn. Fọ́máànù ń tiro lọ, kò yára, kò dúró. Ó kọjá ibi tí ọta wà láàárọ̀. Ó kọjá èèkàn tí wọ́n fi sàmì sí ilé ìwé.

Níbi tí koríko kò yàtọ̀ sí koríko ibòmíràn, ó dúró. Ó di apá Abẹ́rẹ́ mú, ó tẹ orúnkún tó ń dùn ún wálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú ọ̀kan, ó fi ìṣáná sínú èkejì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán, kò sì tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú mọ́.

Ọ̀gá ológun, tó ti lọ jìnnà díẹ̀ ré bàbá náà kọjá, yíjú padà nítorí pé kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mọ́. Ó rí bàtà lórí koríko. Ó rí ojú Sájẹ́ǹtì. Ó wá wo irin tó wà nídìí bàtà tirẹ̀.

"Ẹ má sáré, sà," Fẹ̀sọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ dúró gbọin bí ẹ ṣe wà yẹn. Ẹnìkan ní láti gbé ẹ̀rọ wá fi wá ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde."

"Gbé e wá," ọ̀gá ológun wí. Ohùn rẹ̀ ti yípadà.

Fẹ̀sọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí ó lè rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà.

"Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì," Abẹ́rẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ká dè é. Ṣé kí wọ́n ṣí i, sà?"

"Ẹ ṣí i."

"Ilẹ̀ tí ológun fi nǹkan pamọ́ sí, ta ni yóò gbẹ́ ẹ?"

"Ológun ni."

"Géètì ńkọ́ lọ́la?"

Ọ̀gá ológun wo ìdì ẹ̀wọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin sórí irin. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ jù ú nù, kò sì mọ ibi tí yóò jù ú sí. "Pápá yìí á dúró ná," ó wí. "Ìyókù di tiyín. Ẹ jẹ́ kí géètì wà ní ṣíṣí."

Ìyá Ẹyẹ bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Sájẹ́ǹtì ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ń bọ́ bàtà tirẹ̀. Fẹ̀sọ̀ fọwọ́ nu ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ojú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ gbé ẹ̀rọ.

Fọ́máànù, tí kò tíì lanu láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ẹ̀tù, wo ọkùnrin tó dúró gbọin láàárín koríko náà. Ó fi ohùn tó máa ń lò fún àwọn ọmọ tuntun bá a sọ̀rọ̀.

"Bàtà kọ́kọ́, ọmọ mi," ó wí. "Bàtà kọ́kọ́."